Adìyẹ Dúdú Lórí Sàréè Olówó London

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, nílùú London, ṣé wọ́n máa ń na adìyẹ dúdú kọjá lórí sàréè kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bo òkú?”

Ohun tí Ọ̀gá Hagiu kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Kò tíì jókòó, kò tíì ṣí fìlà. Àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde ni. Filofteia, ìyá onílé mi, ń pa ẹyin láró pupa ní ìdáná, gbogbo ilé sì ń ta sánsán búrẹ́dì aládùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí Jésù yóò fi jíǹde. Ọ̀gá ọlọ́pàá yìí kúrú, ó sanra, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn olè Bucharest máa ń sọ pé kí wọ́n na àwọn sàn ju kí Hagiu bi àwọn ní ìbéèrè lọ.

“N kò dé London rí,” ni mo wí.

“Èmi náà ò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí.”

Ó fa ìwé pélébé kan yọ nínú àpò kóòtù. Àwòrán ọkùnrin tó mu páìpù, tó di ìbọn mú, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ òǹkọ̀wé, *Percival Stoke*, gàdàgbà sókè. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé Sebastian Trifan ló túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà kẹsàn-án ni, torí orí kan ni wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀.

Hagiu kà á sókè: “‘Lady Maud gba adìyẹ dúdú náà lọ́wọ́ ìránṣẹ́, ó nà án kọjá lórí ihò sí agbẹ́sàréè, ó ní: Gba èyí nítorí ọkàn ọkọ mi.’” Ó pa ìwé dé. “Ìyàwó olówó London, Tíṣà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Adìyẹ ń jà lọ́wọ́ rẹ̀.”

N kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kọ ibẹ̀, ọwọ́ mi kàn ń sáré ni. Mo dé ibi ìsìnkú, ọwọ́ mi sì kọ ìsìnkú bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a sin bàbá mi lábúlé wa ní Gorj, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá mi ṣe na adìyẹ kọjá. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé àwọn ará London lè má ní irú rẹ̀. Ẹni tó tẹ ìwé náà kò rí i. Ẹni tó to lẹ́tà rẹ̀ kò rí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kà á láìrẹ́rìn-ín, nítorí bí wọ́n ṣe sin bàbá tiwọn náà nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kíákíá, nítorí ojú ń tì mí láti sọ ọ́, bí mo bá sì ń fà á n kò ní sọ ọ́ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń lu pátákó ìpè àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan fi òkúta tí wọ́n fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ lu Tache Caramfil lórí nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Caramfil ló ni ilé ìtẹ̀wé tó ń gbé Percival Stoke jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì oníyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ nígbà tí ó ṣubú gbìì. Kò kú, ṣùgbọ́n kò lajú. Orí kẹtàlá ìwé náà, èyí tó kẹ́yìn, ti pòórá lórí tábìlì. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni fìlà Nistor.

Nistor ni bàbá arúgbó tó ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé náà. Wọ́n mú un lọ sí àtìmọ́lé lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n bi í pé níbo ló wà ní agogo mẹ́fà, ó ní, “Mo wà nínú ọgbà Ọlọ́run.” Wọ́n bi í pé pẹ̀lú ta ni, ó pa ẹnu dé.

Èmi mọ ẹni tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni. Láti agogo márùn-ún títí di méje, a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọgbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kì í gbà kọjá. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń gbé ojú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wá fún mi kí n ṣe àtúnṣe rẹ̀. Yàtọ̀ sí Caramfil, òun nìkan ló mọ̀ pé Leontin Bărzescu, olùkọ́ èdè Látìn, ni Percival Stoke. Ó ti fi ọwọ́ lé ère mímọ́ búra pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ní kí ó búra.

Àárọ̀ Ẹtì Rere ni mo ka ìròyìn pé wọ́n ti mú un. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ká ìwé ìròyìn náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo rá kọjá lábẹ́ tábìlì olódòdó tó dúró fún ibojì Jésù, bí gbogbo ayé ti ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, mo padà sílé, mo sì sùn. Mo ń sọ fún ara mi pé àwọn ọlọ́pàá yóò rídìí ọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ẹ̀wọ̀n kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Mo ti fi orúkọ mi gan-an kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn ńlá pé májèlé ni àwọn ìwé ọ̀daràn olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí, pé ó yẹ kí ojú ti ẹni tó ń kọ wọ́n. Ọ̀gá ilé ìwé wa ka ọ̀rọ̀ náà sókè níwájú gbogbo olùkọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹríba. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

“Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi wá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní ó kọ ọ́ yìí,” Hagiu ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ti jókòó wàyí. “Gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tà. Ó sunkún fún wákàtí mẹ́ta.”

“Ó mà ṣe o.”

“Ó ṣe. Nígbà tí mo délé, mo gbé nọ́ńbà kẹsàn-án, mo rí adìyẹ. Adìyẹ yẹn ló sọ fún mi pé kò sí òyìnbó kankan. Ọmọ ìhà wa ni ẹni tó kọ ọ́. Ìyá tèmi náà na adìyẹ kọjá.”

“Àwọn ará ìhà yín pọ̀ ní Bucharest, Ọ̀gá.”

“Wọ́n pọ̀. Ìdajì wọn ló ń ta ewébẹ̀. Mo wá èyí tó mọ̀wé.” Ó tún ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé ìròyìn kan yọ. “Ẹ̀yin lẹ kọ èyí lọ́jọ́ Ajé?”

“Èmi ni.”

“Ẹ bú Stoke dáadáa. Ẹ ní ó ti sọ obìnrin ọlọ́lá di ọ̀bọ, tó ń fi aṣọ ibùsùn sọ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé. Níbo lẹ ti kà á?”

“Nínú ìwé náà ni. Ohun tí èèyàn fẹ́ bú, ó yẹ kó kà á.”

“Òótọ́ ni. Nọ́ńbà wo?”

Filofteia gbé kọfí wọlé ní àsìkò náà, inú mi dùn sí i bí ẹni rí áńgẹ́lì.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá, kò sí wàrà nínú rẹ̀ o, ààwẹ̀ ni,” ni ó wí. “Kí ni Tíṣà wa ṣe? Ẹni tí kì í ka ìtàn rárá! Ó bá Percival Stoke lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá, ó ní kí n tijú, pé ìdọ̀tí ni.”

“Ẹ̀yin náà ń kà á, Ìyá?”

“Ta ni kì í kà á? Mo ṣáà ń gbé e pamọ́ sábẹ́ àpò ìyẹ̀fun nítorí Tíṣà.” Ó wò mí bíi pé kí n dárí jì í, ó sì jáde.

Hagiu mu kọfí díẹ̀. Kò wò mí. Bóyá àánú ló ṣe é. “Nínú nọ́ńbà kọkànlá ni obìnrin yẹn ti sọ̀ kalẹ̀,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Ọjọ́bọ̀ ni nọ́ńbà kọkànlá tó jáde. Ọjọ́ Ajé lẹ ti bú u.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní Látìn, mo jókòó, mo ń wo bàtà mi.

“Èmi ni Percival Stoke,” ni mo wí.

“Ẹ káàbọ̀ sí Bucharest.” Kò rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ tún kù. Caramfil fẹ́ tú àṣírí yín. Mo rí ìwé ìkéde rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀: ‘Kò sí òyìnbó kankan: ọmọ wa ni Percival Stoke! Ẹ ka orúkọ rẹ̀ ní nọ́ńbà kẹtàlá.’ Ṣé ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn nọ́ńbà kejìlá. Mo rí i lórí ojú ìwé tí mo ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Inú bí mi, mo fi yíǹkì pa á rẹ́.”

“Ẹni tí wọ́n fẹ́ tú àṣírí rẹ̀ lè gbé òkúta. Níbo lẹ wà ní agogo mẹ́fà?”

“Ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Pẹ̀lú ta ni?”

Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n bi bàbá arúgbó, tí ó gbé e mì nítorí mi. N kò mọ ìdí tí ó fi ṣòro fún mi tó bẹ́ẹ̀ láti dáhùn rẹ̀.

“Pẹ̀lú Bàbá Nistor. Wọ́n rán an sí mi kánkán, ìdí nìyẹn tó fi gbàgbé fìlà.”

Hagiu mí kanlẹ̀. “Mo mọ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi lálẹ́ àná. Ó ní òun ń lu pátákó ìpè lọ́wọ́ nígbà tí òun rí bàbá kan tí kò dé fìlà, tí ọ̀gbẹ́ni kan ń jágbe mọ́ nítorí bébà. Kò mọ orúkọ ọ̀gbẹ́ni náà ni. Mo fẹ́ kí ó wá láti ẹnu yín.”

Mo ti gbàgbé pé mo jágbe mọ́ ọn. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní kí n má bínú, òun kọ́ ló kọ ìkéde náà.

“Ó dáa,” Hagiu dìde. “Ẹ̀yin kọ́, Nistor kọ́. Ẹ bá mi ronú, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bí kò bá sí òyìnbó, ta ni kò sí mọ́?”

Mo rò ó títí tí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. “Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀,” ni mo wí.

“Ẹ gbé kóòtù yín.”

Ní ọjọ́kanrí, a wà ní ọ́fíìsì Caramfil. Kí a tó wọlé, Hagiu bi mí ní ohun kan ṣoṣo: ta ló pa olówó London nínú orí kẹtàlá? Mo sọ fún un. Mo ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo yí ìparí náà padà. Mo fi èdìdì di àpòòwé rẹ̀, Nistor sì wá gbà á nílé mi, ó gbé e sórí tábìlì Caramfil ní agogo mẹ́rin láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

“Ó tó,” ni Hagiu wí. “Ẹ máa bá mi bú ìwé náà.”

Sebastian Trifan, tí Hagiu ti ránṣẹ́ pè, wọlé pẹ̀lú ọ̀pá olórí fàdákà àti òdòdó pupa láyà. Mo ti máa ń rí i láti òkèèrè ní ilé kọfí ńlá, tí àwọn obìnrin yí i ká, tí ó ń sọ ohun tí Stoke kọ sí i láti London. Owó ni Caramfil ń fún un kí ó lè yá wa ní orúkọ rẹ̀. Kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì mọ̀ mí sí nǹkan kan ju ọ̀tá lọ.

“Ṣé ẹni tó kọ̀wé bú mi rèé?” ó fi ọ̀pá nà sí mi. “Ọ̀gá Hagiu, kí ni ẹ mú un wá ṣe? Èèyàn tí kò lè kọ ìlà kan kí ẹlòmíràn sì fẹ́ kà á!”

“Ẹ fara balẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Trifan. Ìgbà wo lẹ rí Caramfil kẹ́yìn?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Orí kẹtàlá ńkọ́?”

“Kò tíì dé láti London. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n óò gbà á, kí n tó túmọ̀ rẹ̀.”

“Ó mà ṣe o. Ó ń wu èmi láti mọ ìparí rẹ̀. Tíṣà ní òun mọ̀ ọ́n.”

Hagiu wò mí. Mo mú ohùn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn, ó sì wá wẹ́rẹ́, èyí tún dùn mí. “Opó ló pa á. Kí ni ìbá tún jẹ́? Irú ìwé báyìí, opó ni, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọdé pàápàá lè mọ̀ ọ́n.”

“Opó!” Trifan bú sẹ́rìn-ín. “Opó kẹ̀? Ẹ ò mọ nǹkan kan! Agbẹ́sàréè tó gba adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an ni àbúrò olówó náà, èyí tí gbogbo wọn rò pé ó ti kú sí òkun! Òun ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó tún fọwọ́ ara rẹ̀ sin ín! Ẹ rí ọgbọ́n, ẹ pè é ní...”

Níta, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ń kígbe ọjà rẹ̀.

“Ta ló sọ fún yín?” Hagiu bi í.

“Stoke... Stoke kọ lẹ́tà sí mi.”

“Stoke nìyí, lórí àga yìí. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló ronú kan àbúrò tó kú sí òkun. Orí tábìlì tó wà níwájú yín yìí ni ìwé náà wà ní agogo mẹ́rin, kò sí ní ibòmíràn. Níbo lẹ gbé e sí?”

Trifan wò mí. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìwò yẹn. Ó wo kóòtù mi tó ti gbó, ó wo yíǹkì tó wà ní ìka mi, ó wá gbà á gbọ́. Ó jókòó.

“Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi,” ni ó wí. “N kò fẹ́ pa á. Ó pè mí lọ́jọ́bọ̀, ó ní òun fẹ́ kéde pé kò sí òyìnbó. Mo ní, èmi ńkọ́? Ó ní, ‘Ìwọ? Ìwọ kò fìgbà kan sí níbẹ̀ rí.’ Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá, kí ni n bá sọ fún wọn ní ilé kọfí? Ta ni n bá pe ara mi níbẹ̀?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yé mi. Àwa méjèèjì la jọ ń sá fún ìtìjú kan náà. Òun gbé òkúta. Èmi jókòó sílé, mo jẹ́ kí wọ́n ti arúgbó mọ́lé, kò sì sẹ́ni tó lè mú mi nítorí ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ti mú un lọ, Hagiu ti bébà kan sí mi pé kí n kọ ibi tí mo wà, ẹni tí mo wà pẹ̀lú, àti ìdí rẹ̀. Ó ní àwọn oníwèé ìròyìn yóò rí i nílé ẹjọ́. Mo kọ ọ́, mo sì fi orúkọ mi sí i.

“Ṣé Bàbá Nistor ń jáde lónìí?” mo bi í. “Yóò ṣe ọdún nílé?”

Ó wo aago ara ògiri. Agogo méjì ti kọjá. “Agbẹjọ́rò ìjọba nìkan ló lè fọwọ́ sí i kí wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa ní ọjọ́kanrí, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń bọ̀.” Ó ká bébà náà. “Ká ní ẹ wá lánàá ni, Tíṣà. Àná, gbogbo ọjọ́ ló fi wà níbẹ̀.”

N kò ní sọ bí mo ṣe ṣe ọdún. Filofteia ka ìwé ìròyìn ọjọ́ Ajé ọdún, tí wọ́n ti kọ ọ́ pé èmi ni Stoke, ó sì gbé Percival Stoke jáde lábẹ́ àpò ìyẹ̀fun wá sórí tábìlì. Caramfil lajú ní ọsibítù, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé nọ́ńbà kejìlá ti jáde. Ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí mi. Ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan wà tí mo ń bẹ̀rù jù ú lọ.

Àárọ̀ Ìṣẹ́gun, mo dúró lẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nistor jáde, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, ó gbé àpò kékeré lọ́wọ́. Bí ó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ tàn.

“Kristi jíǹde, Tíṣà mi!”

“Ó jíǹde nítòótọ́, Bàbá Nistor.”

“N ò sọ fún wọn o!” Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bíi pé àṣírí ṣì kù láyé. “Wọ́n pariwo mọ́ mi, wọ́n dẹ́rù bà mí, mo pa ẹnu mi dé. Lọ́jọ́ ọdún, tí agogo ń dún ní gbogbo ìlú, ó kù díẹ̀ kí n sunkún nítorí ìyàwó mi, torí kì í jẹun ọdún tí n ò bá sí nílé. Ṣùgbọ́n mo ní, fara balẹ̀, Nistor. Tíṣà ò tíì gbọ́ ni. Ká ní ó gbọ́ ni, ìbá ti sáré wá.”

Hagiu kò sọ fún un. Mo rí i pé kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un láéláé bí n kò bá fúnra mi sọ ọ́. Mo lè kàn gbà á mọ́ra, kí a máa lọ, kí ó máa fẹ́ràn mi.

“Bàbá Nistor, mo gbọ́,” ni mo wí. “Láàárọ̀ Ẹtì Rere ni mo gbọ́. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn. Mo jókòó sílé.”

Ó wò mí. Ó ń dúró bóyá n óò fi nǹkan kan kún un, pé àìsàn ṣe mí, tàbí pé wọ́n tì mí mọ́lé. N kò ní nǹkan kan láti fi kún un.

“Láàárọ̀ ni?” ni ó bèèrè.

“Láàárọ̀ ni.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò bú mi. Ìbá ṣe pé ó bú mi ni, n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti bá a gbé àpò rẹ̀. Ó rọra gbé e sí ọwọ́ kejì.

“Ẹ má ṣèyọnu, Ọ̀gbẹ́ni Bărzescu,” ni ó wí. “Kò wúwo.”